Àwọn Tí Táyà Bọ́dúndé Ń Gbé

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan lá lójú oorun. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní Bàrígà títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, lẹ́bàá gọ́tà, níwájú ilé tí ọkùnrin tó ni ín ń gbé. Àwọn ará àdúgbò kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní àwọn ò mọ nǹkan kan.

Bọ́dúndé Gbádégẹṣin ló ni ọkọ̀ náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní Ṣómólú, ọkọ̀ yẹn ló sì fi ń kó pépà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó lọ mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Bàrígà. Iyè ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra. A máa fi orúkọ Ọmọ́wálé, àbúrò tó ti kú, pe Bọ́dúndé. A máa béèrè ọ̀nà oko láàárín Èkó. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọkọ̀ gbé e kiri. Ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá òsì, ni ìjókòó rẹ̀. Á gbé ọwọ́ lé fèrèsé, á máa kí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n ń ti ibi tí ìyá náà ti lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀. Òjò dé. Bí wọ́n ṣe wọ Ṣómólú, wáípà tó ń nu gíláàsì iwájú dúró. Bọ́dúndé ò ríran mọ́. Ó páàkì. Ó mọ̀ pé fíúsì ló jó. Ṣọ́ọ̀bù Godspower, onírìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, sì wà ní òdìkejì títì gan-an.

"Màmá, mo fẹ́ sáré ra fíúsì ni. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o."

"Mo ti gbọ́, Ọmọ́wálé."

Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní títì bí ó ṣe tì wọ́n. Gbogbo fèrèsé wà ní pípadé. Bàtà ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tò ti ara wọn. Ó fọwọ́ kan àga. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kò sí ìyá.

Ó pariwo orúkọ rẹ̀ nínú òjò títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sí ẹni tó rí arúgbó kankan tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó sá òjò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ọkọ̀ náà làwọn ń wò láti ìgbà tó ti dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣí.

Wọ́n wá a. Ọlọ́run mọ̀ pé wọ́n wá a. Bọ́dúndé wa ọkọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó wà á dé gbogbo ọsibítù. Ó dé abẹ́ afárá níbi tí àwọn tí orí wọn dàrú ń sùn sí. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Wọ́n á ṣí aṣọ, òun á wò, á mi orí, á jáde. Ó lọ bá àwọn apẹja Ìlàjẹ létí ọ̀sà Bàrígà, ó bẹ̀ wọ́n pé bí omi bá gbé èèyàn wá, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pe òun. Wọ́n pè é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni. Òkú ìyá ẹlòmíràn ni, tàbí ti ọmọ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ìró ló kọ́kọ́ gbọ́. Hìrì, hìrì, bí ẹni ń fi pépà ha ògiri. Bí ó bá ti já sí kòtò, táyà á máa ha ara ọkọ̀ lókè. Ó wà á lọ sọ́dọ̀ Mùíz, fọkanáísà tó ń tún táyà ṣe ní ọ̀nà Obanikoro. Mùíz wo ọkọ̀ náà láti òkèèrè, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ kó tó báyìí?"

"Mi ò kó nǹkan kan."

"Ẹ ṣí búùtù."

Ó ṣí i. Ó ṣófo. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣófo. Mùíz ki gééjì bọ táyà lẹ́nu, lọ́kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn wọ́n pé. Ó tún wọn wò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá sípírìngì ló kú. Ọkọ̀ kò mì. Ó dà bí ẹni pé ògiri ló ń tì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka nu eruku kúrò lára táyà.

"Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbí. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Kì í ṣe kílò nìyẹn o, àmì ni. Ohun tó ń sọ ni pé táyà kan ṣoṣo yìí lè gbé ju ẹgbẹ̀ta kílò lọ. Mẹ́rin ló sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé yín, kò lè mú un wálẹ̀ báyìí."

"Àbí ó ti gbó?"

"Ọdún tí wọ́n ṣe é ló wà lára rẹ̀ yìí. Kò gbó. Kì í ṣe tókúnbọ̀." Ó dìde. Ó ń wo gíláàsì ẹ̀yìn. "Ẹrù ló wà nínú ọkọ̀ yìí, Bọ̀ọ̀dá."

"Ẹrù wo?"

Mùíz yí padà síbi àwọn táyà rẹ̀. Ó bá a wá táyà míràn, àwọn tó nípọn, tí nọ́ńbà ara wọn ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ó tó lè gbé ọkọ̀ náà sókè, jáàkì kan ti tẹ̀.

Iná kékeré inú ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Bí Bọ́dúndé bá ti pa ilẹ̀kùn dé báyìí, iná á ṣẹ́jú, fíúsì rẹ̀ á sì jó. Ó ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ó fi sú u. Ó wà á lọ bá Godspower. Onírìwáyà náà tú gbogbo òrùlé ọkọ̀ palẹ̀.

"Ọ̀gá, fíúsì kì í kú lásán. Ṣe ló ń kú kí wáyà má bàa jó. Nǹkan kan ń fa iná níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ."

"Kí ni nǹkan náà?"

"I no know. Mo ti wò ó tán. Kò síbi tí wáyà ti kan ara wọn."

"Fi èyí tó lágbára ju ìyẹn lọ sí i, kó má jó mọ́."

"Abeg, ẹ má dán an wò láyé yín! Bí fíúsì ò bá jó, ọkọ̀ ló máa jó." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ti gbúròó Màmá?"

Bọ́dúndé mi orí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń wakọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ń yí nínú rẹ̀. Kí ló dé tí Godspower fi béèrè Màmá níbẹ̀ yẹn? Ó wo dígí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo, ọkọ̀ sì wúwo. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ara ti tù ú díẹ̀. Bí ó bá jí, á lọ sí ìdí ọkọ̀, á dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn òsì. "Ẹ ò jíire bí, Màmá?" Ó fi ìró kan bo àga náà nítorí ọ̀yẹ́. Ó ń rọra wakọ̀ nídìí kòtò. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń sọ iye owó iṣu fún un bí Màmá ṣe máa ń béèrè.

Oyinkọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ń wò ó. Ọjọ́ kan ni kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá Ẹ̀bùn, kì í ṣe Màmá ló wà níbẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ sí balùwẹ̀. Bí ewé gbígbẹ ni wọ́n rí lápá mi." Ó na apá méjèèjì síwájú. "Màmá ò lè mú ọkọ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ Màmá, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ rárá."

Ó bínú sí i. Kò jẹun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún pè é láti ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Ó lọ, ó wò, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀, ó sì jókòó láìṣíná rẹ̀. Oòrùn mú. Kò sí ẹyẹ, kò sí afẹ́fẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ọkọ̀ náà rọra rì sísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá wọlé, tó jókòó, tó sì sinmi.

Ó dúró. Ọkọ̀ tún rì.

Ìgbà náà ló wá yé e. Gbogbo ibi tí ó ti wá ìyá rẹ̀ dé, gbogbo ibi tí ó ti páàkì, tí ó ti wo ojú òkú, tí ó sì mi orí. Ọkọ̀ náà kò bọ̀ lófìfo rí.

Ó wa ọkọ̀ náà lọ tààrà sọ́dọ̀ Mùíz. Òógùn bò ó. "Wo táyà náà fún mi. Èyí tó wà lápá òsì lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Màmá ń jókòó sí. Ṣáà wò ó."

Mùíz wò wọ́n yíká. Mẹ́ta ti jẹ dé ibi tí okùn inú wọn fẹ́ yọ, bí ẹni pé wọ́n ti lo ọdún púpọ̀. Ó dé ti òsì lẹ́yìn, ó fọwọ́ kàn án, ó fa ọwọ́ padà.

"Mùíz, sọ ọ́."

"Ọjọ́ kan náà ni mo de mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ohùn rẹ̀ kò dé òkè. "Èyí ò tíì jẹ rárá. Irun rọ́bà tó máa ń bá táyà tuntun jáde láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé kò kan ilẹ̀ rí."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ẹni yòówù kó wà nínú ọkọ̀ yín, Bọ̀ọ̀dá, wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jókòó síbí. Wọ́n fi ibí yìí sílẹ̀ lófìfo." Ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. "Ẹ má bínú. Ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo ní ọmọ nílé."

Bọ́dúndé kò lọ sílé. Ó wa ọkọ̀ náà dé etí ọ̀sà. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, èéfín ẹja yíyan ń fẹ́ lójú omi, oòrùn ti pọ́n. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀," ni ó wí, "mo kí yín. Mi ò mọ̀ yín, àmọ́ mo ti rí ojú yín. Mi ò lé yín. Ìyá mi ni mò ń wá. Ó kọ gọ̀ǹbọ́. Ìró aláwọ̀ aró ló ró lọ́jọ́ náà, kò wọ bàtà. Ó máa ń kí èèyàn. Bí ẹ bá ti rí i lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Kí n lè sọkún rẹ̀ tán."

Kò sí ìró kankan. Omi pàápàá dákẹ́.

Ọkọ̀ náà fì sí ọ̀tún. Ó fì sí òsì. Ó tún fì sí ọ̀tún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí àwọn àgbà bá ń mi orí pa pọ̀ nílé ọ̀fọ̀.

Rárá.

Bọ́dúndé gbé iwájú orí lé ìdarí ọkọ̀. Kò sí lọ́dọ̀ àwọn alààyè. Kò sí lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí náà. Ibi kẹta wo ló wà tí ó ń gbé ìyá èèyàn mì?

Oyinkọ́lá ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó dé. Ó rí ojú rẹ̀. Ó dì í mú wọlé bí ẹni di ọmọ mú.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe múra ṣọ́ọ̀ṣì, Oyinkọ́lá ló ṣáájú jáde. Ó dúró gbagidi.

"Bàbá Ẹ̀bùn."

Ó jáde. Oyinkọ́lá nawọ́ sí ọkọ̀. Apá òsì ọkọ̀ náà, lẹ́yìn, ti wálẹ̀. Kò wálẹ̀ púpọ̀. Díẹ̀ báyìí ni, ìwọ̀nba tí ewé gbígbẹ lè tẹ̀ bí ewé bá lè tẹ nǹkan. Ooru èémí ti bo fèrèsé ibẹ̀ láti inú, èèyàn ò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ́dúndé gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, ó sì mọ bí wọn yóò ṣe dá a lóhùn. Ó la ẹnu. Oyinkọ́lá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má bi wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bi wọ́n."

Kò bi wọ́n.

Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Ṣómólú báyìí. Kò ta ọkọ̀ náà, kò ṣí i, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á gbé pọ́ńpù ọlọ́wọ́ jáde, á kúnlẹ̀ sínú eruku, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí táyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ má bàa fi ìdí kanlẹ̀. Bí ó bá dé èyí tó wà lápá òsì lẹ́yìn, á dáwọ́ dúró, á gbé etí lé ilẹ̀kùn.

Á pẹ́ níbẹ̀. Kò tíì sọ ohun tí ó ń gbọ́ fún ẹnikẹ́ni.