Ìpè Láti Abẹ́ Kòkó

"Ta ni Bàbá ń dá lóhùn?" Nọ́ọ̀sì ló yọjú láti yàrá ìtọ́jú ní ọsibítù bi mí bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "A ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣáà ń wí pé, 'Dúró ná.'"

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí bàbá mi bá ń fín oògùn sí kòkó lóko wa lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, ewé kì í jẹ́ ká rí i. Ìyá mi á ru báàfù omi tí wọ́n fi ń po oògùn, á dúró lókèèrè, á ké pé, "Bàbá Victoria, ṣé kí n máa bọ̀?" Bí oògùn bá ṣì kù nínú táǹkì ẹ̀yìn rẹ̀, bàbá á ní, "Dúró ná." Bó bá gbẹ, á ní, "Máa bọ̀." Àmọ́ ìyá mi ti kú. Ọwọ́ mi ni mo fi wẹ òkú rẹ̀.

Jẹjẹrẹ ló dí ọ̀nà òróòro bàbá mi. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ara sì ń yún un tọ̀sán tòru. Dókítà ní kò ṣeé gé. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ títí dé ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì da oògùn sórí àrùn náà gan-an, láì kùn ún lóorun. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n fẹ́ fín mi bíi kòkó. Uṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn."

Wọ́n ní bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí aláìgbọ́n. Wọ́n fín in, wọ́n tún un fín, àrùn náà kò gbọ́. Dókítà ní ká máa gbé e lọ.

"Ulé oko ni kí o gbé mi lọ," bàbá wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nílé oko, mo ń fún un ní ògì mu. Òórùn oògùn kòkó ṣàdédé gba yàrá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn la wà, kò sẹ́ni tó ń fín nǹkan kan. Ohùn kan wá ké lábẹ́ kòkó.

"Bàbá Victoria, ṣé kí n máa bọ̀?"

Ìyá mi ni. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti kékeré la ti kọ́ wa pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí. Bàbá la ẹnu. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, èmi sì dáhùn.

"Dúró ná, yèyé mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Oko pa rọ́rọ́. Nígbà tí ohùn náà tún jáde, ó ti dé ojú fèrèsé, kò sì bínú.

"Victoria, ùwọ kọ́ ni mo bi léèrè."

Bàbá rọra gbé ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Uṣẹ́ ti sú mi," ó ní. "Máa bọ̀."

Mo gbọ́ bí báàfù ṣe kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. N kò lè dìde lọ wò ó. Nígbà tí àwọn ará ilé wá gbé òkú bàbá, wọ́n bi mí pé ta ló da omi tó pọ̀ tó báyìí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo ní èmi ni.