Kì í Ṣe Eegun Ló Há Ajá Yín Lọ́fun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ mọ ajá wa. Ẹjẹ́ásinmi lorúkọ rẹ̀. Jayéọlá ọkọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí Ìyá Basit tá a jọ ń gbélé, tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn di aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ọkọ mi bá ti rí i tó ń bọ̀, á kígbe, "Ẹjẹ́ásinmi! Ẹjẹ́ásinmi!" Ajá á sáré wá, Ìyá Basit á pòṣé. Bá a ṣe ń sọ ajá lórúkọ níbí nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Èmi ni Àṣàkẹ́. Télọ̀ ni mí, sùtánà ni mò ń rán fáwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà. Jayéọlá ń wa mọ́tò láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà Ìrẹsà ló sì ti gba ajá náà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó máa ń bá gbé iṣu. Láti ìgbà tó ti dé, oúnjẹ la mọ̀ tá à ń fún un. Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Ta ló ń gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà?

"Ajá ilé ni," lọkọ mi máa ń wí. "Kò sí ibi tó ń lọ."

Irọ́ gbuu! Ajá tí kò sí ibi tó ń lọ yẹn náà ló ń bá gbogbo ajá àdúgbò jà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sún mọ́, aṣọ funfun sì kún orí máṣíìnì mi. Mo gbé oúnjẹ fún Ẹjẹ́ásinmi, kò jẹ ẹ́. Mo wá wò ó dáadáa. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wó, kò lè pa ẹnu dé, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó fẹ́ gbó, ohùn rẹ̀ ti há.

"Bàbá Ànú! Ẹ wá wo ajá yín o!"

Jayéọlá jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Eegun ni," ló wí kó tó wò ó tán. "Eegun tó ń fọ́ lánàá ló há a lọ́fun. Bá mi di orí ẹ̀ mú."

Mo dì í mú. Mo tiẹ̀ ń fọwọ́ nu itọ́ ẹnu rẹ̀, bí ẹní ń nu ẹnu ọmọ. Ajá náà ò jà rárá. Ọkọ mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń wá eegun lọ́tùn-ún lósì, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó máa fa ọwọ́ yọ, eyín ti ha á níka, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Kò tó nǹkan," ló wí.

Ìyá Basit ti yọ sí wa. Ìjà yòówù kó wà láàárín wa, tó bá ti di ọ̀rọ̀ àìsàn, obìnrin yẹn kì í jókòó sílé. "Ẹ gé irun ajá náà, ẹ sun ún, kẹ́ ẹ fi epo pò ó, kẹ́ ẹ fi sójú ibẹ̀," ló wí. "Ohun tí wọ́n ń lò fún eyín ajá nílé wa nìyẹn."

Ọkọ mi ní ó dáa. Èmi náà ní ó dáa, mo sì ti nawọ́ mú sísọ́ọ̀sì. Àmọ́ eegun yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Mo bá rántí Leah, ìyàwó àbúrò mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ dókítà ẹranko. Mo pè é.

"Leah, oògùn wo ló ń yọ eegun lọ́fun ajá?"

"Ẹ káàárọ̀ mà, àǹtí mi. Ta ló rí eegun náà?"

"Kò sẹ́ni tó rí i. Àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò ṣeé pa dé, itọ́ ń dà."

"Ohùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti há."

"Ṣé ó ń mu omi?"

"Ó ń fẹ́ mu ún o, kò lè gbé e mì."

  Ohùn Leah yí padà. "Àǹtí, ta ló ti fọwọ́ kan ẹnu ajá yẹn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irun tá a fẹ́ gé.

"Ẹ má gé irun kankan! Ẹ má fi epo síbẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan dì í. Ọṣẹ àti omi ni mo fẹ́. Ẹ máa da omi sí i, kẹ́ ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró títí màá fi ní ó tó. Ẹ fọ ọwọ́ tiyín náà. Ẹ má pa fóònù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko la fi fọ ìka kan ṣoṣo! Ìyá Basit ló ń da omi. Jayéọlá ń ráhùn pé ṣé àwọ̀ òun ni wọ́n fẹ́ bó ni. Ìgbà tí Leah ní ó tó, ó ní ká fi ọ̀pá gígùn darí ajá wọ yàrá ẹrù, ká tì í mọ́bẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ ọ́, ká sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Òun náà ti ń bọ̀ lọ́nà.

A ti ajá mọ́lé. Ọsibítù ni ọkọ mi ò gbà láti lọ.

"Nítorí ìka tí eyín ha lásán? Mo ní èrò ní gáréèjì."

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe fún yín. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pamọ́ sábẹ́ òwú ìránṣọ mi. Ó wá a títí, ó pariwo, ó ní òun mọ̀ pé èmi ni. Mo ń rán aṣọ mi lọ. Orí ariwo yẹn ni Leah bá wa.

Ó kúnlẹ̀ kí wa, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ ò tíì lọ?"

"Wò ó, kò tiẹ̀ dùn mí. Ó ti ń jiná."

Leah ò bá a jà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé omi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dé ojú fèrèsé."

Irin wà lójú fèrèsé yàrá ẹrù náà, abọ́ kan sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nínú. Leah gba àárín irin da omi sínú abọ́ náà. Ẹjẹ́ásinmi gbọ́ ìró omi, ó dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ̀. Ó ti ẹnu bọ omi. Ọ̀fun rẹ̀ mì, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, omi sì dà padà sílẹ̀ látẹnu rẹ̀. Ó tún ti ẹnu bọ̀ ọ́, omi tún dà sílẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, omi wà níwájú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ló bá gbójú sókè, ó ń wò wá.

Háà! Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí níbi tí mo dúró sí. Kí ni nǹkan tí ojú ò rí yìí, tó wọ inú ajá tí ń sáré kiri, tó gba ara rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́? Mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí n tún rí i.

"Dìgbòlugi nìyẹn, sà," ni Leah wí jẹ́jẹ́.

"Dìgbòlugi?" Ohùn ọkọ mi ti lọ sílẹ̀. "Ṣebí sísáré ni ajá dìgbòlugi ń sáré, tí á máa bu gbogbo èèyàn jẹ? Eléyìí jókòó jẹ́jẹ́."

"Òmíì ń jà, òmíì ń dákẹ́. Èyí tó ń dákẹ́ ló ń tan èèyàn jẹ jù. Wọ́n á ní eegun ni, wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Kí ló wá kàn mí nínú nǹkan tó wà lẹ́nu ajá?"

Leah bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó wá na ìka sí ọwọ́ ọkọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà hàn án lórí rẹ̀.

"Inú itọ́ ló wà. Ibi tí eyín ti ha yín ló gbà wọlé. Inú iṣan ló máa ń gbà lọ, díẹ̀díẹ̀, láti ìka, dé ọrùn ọwọ́, dé ìgbọ̀nwọ́, dé èjìká. Orí ló ń lọ. Ó lè lo oṣù mélòó kan lójú ọ̀nà. Ẹ ẹ́ máa wakọ̀, ẹ ẹ́ máa jẹun, ẹ ẹ́ máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń rìn nínú yín. Ọjọ́ tó bá dé ọpọlọ, tí ọ̀fun yín ò gba omi mọ́, kò sí ohun tí dókítà kankan tún lè ṣe, sà."

 Ìyá Basit pàápàá dákẹ́, ẹ̀yin sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Àmọ́ kò tíì dé ibẹ̀," ni Leah wí. "Ọṣẹ tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ ti pa púpọ̀ nínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ á lé ìyókù bá lójú ọ̀nà, tá a bá tètè gbà á. Ohun tó jẹ́ kí n máa sáré láti àárọ̀ nìyẹn."

Ọṣẹ! Ọṣẹ tá a fi ń fọ abọ́! Mo wo ọwọ́ ọkọ mi bí ẹni tí kò rí i rí, ọwọ́ tí mo ti mọ̀ láti ogún ọdún. Ikú wà nínú ìka kan, ó ń wá ọ̀nà orí, ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ sì ti dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run tó dá ara èèyàn tóbi, ó sì fún èèyàn lọ́gbọ́n láti tọ́jú ara náà.

Ọkọ mi kọjú sí mi. "Àṣàkẹ́," ló wí. Kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tá a ti bí Ànú. "Jọ̀ọ́, níbo lo gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sí?"

Mo fà á fún un, Leah bá ní kó jẹ́ kóun wa mọ́tò náà. Ká tó jáde, Leah yẹ ìka tèmi náà wò. Ọwọ́ télọ̀ kì í ṣàìní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ti gún un, mo sì ti fi ọwọ́ yẹn nu itọ́ ajá. "Ẹ̀yin náà máa gbà á, àǹtí," ló wí.

Abẹ́rẹ́ náà ti tán níbi àkọ́kọ́ tá a dé. Leah ń pe ibí, ó ń pe ọ̀hún, títí ó fi rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà tí ọkọ mi ń ná lójoojúmọ́, ọjọ́ yẹn ló di èrò nínú mọ́tò ara rẹ̀.  Orí itan ló gbé ọwọ́ náà lé, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé ó ń wo ibi tí nǹkan náà dé. Ní ọsibítù, wọ́n tún fọ ibẹ̀, wọ́n gún abẹ́rẹ́ kan yí ojú ọgbẹ́ ká, wọ́n gún òmíràn sí apá rẹ̀. Mo gba tèmi náà. Wọ́n dá ọjọ́ tá a máa padà wá fún wa.

Ẹjẹ́ásinmi kú sínú yàrá ẹrù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Leah wá gbé e fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Dìgbòlugi ni lóòótọ́. Mo sunkún ajá yẹn, mi ò ní purọ́. Abẹ́rẹ́ kan lọ́dún ni ì bá gbà á sílẹ̀, a ò fún un.

Ìka Jayéọlá jiná kíákíá. Mo rò pé á ní òun ò lọ fún ìyókù mọ́, bá a ṣe mọ̀ ọ́n. Rárá o! Òun ló ń jí mi lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tá a gba èyí tó kẹ́yìn, ó ra omi inú ọ̀rá kan ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi eyín já a, ó sì mu ún tán láìmí. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé omi mì. Omi lásán tí gbogbo ayé ń mu, òun ni mo dúró tí mò ń dúpẹ́ lé lórí láàárín èrò.

Lẹ́yìn èyí, Leah àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko wá gún àwọn ẹranko lábẹ́rẹ́ ní àdúgbò wa. Ẹ wá wo ajá! Ìyá Basit gbé ológbò rẹ̀ wá nínú àpò ìrẹsì, ológbò ń pariwo, òun náà ń pariwo. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n lọ mú ajá wọn wá. Leah sì ń bá gbogbo wọn sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ajá ilé náà ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ológbò náà ń gbà á. Bí ọmọ ajá bá ti tó oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti fún un lóògùn aràn, tí wọ́n á sì bá yín yẹ eégbọn ara rẹ̀ wò. Bí ẹranko yín ò bá jẹun, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tí ìwà rẹ̀ ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láéláé. Ẹ tì í mọ́bì kan, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹranko.

Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, tàbí tí eyín rẹ̀ kàn ha onítọ̀hún lásán, tàbí tó lá ojú ọgbẹ́, ọṣẹ àti omi ló kàn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe irun, kì í ṣe epo. Lẹ́yìn náà, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà pé, bí ọgbẹ́ tiẹ̀ ti jiná. Ẹ má pa ajá náà dànù, ẹ má sì lé e lọ. Ẹ dè é síbi tí kò ti ní kan ẹnikẹ́ni, kí dókítà ẹranko máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ má torí pé ẹ̀ ń ṣọ́ ajá kẹ́ ẹ má tètè lọ sí ọsibítù o.

Ìwọ tó ò ń ka èyí, bóyá eyín ajá tàbí ti ológbò ti kàn ọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tó o sì ní kò tó nǹkan. Gbé ìwé yìí sílẹ̀. Dìde, ọṣẹ àti omi wà nílé, ọsibítù sì ti ṣí.