Ọjọ́ Tí Kíá-kíá Sọ Ìbejì Di Ẹnì Kan

"Ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún káàdì! Ojú ta ló fẹ́ yẹ gbogbo èyí wò?"

Kíá-kíá ló ń ṣàròyé, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà débi pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọ̀gá rẹ̀, Ìyá Fáìlì, ní kó wá àwọn aláìsàn tó ní káàdì méjì nínú kọ̀ǹpútà, kó sọ méjèèjì di ẹyọ kan.

"Ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án, kó o sì fojú ara rẹ yẹ̀ wọ́n wò," ni Ìyá Fáìlì wí, ó bá lọ sípàdé.

Kíá-kíá ṣe ẹ̀dà. Ti fífojú wò ni kò bá a lára mu. Orúkọ àbísọ ò sì ṣeé gbára lé, ẹlòmíì á pe ọ̀kan lónìí, á pe òmíràn lọ́la. Ó bá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé bí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì bá ti dọ́gba, ẹnì kan náà ni. Kó pa káàdì kejì rẹ́. Kó tó mu omi tán, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti parí. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé pè é lórí fóònù. "Kọ̀ǹpútà yín ní kò sí oògùn tí ara ọmọ yìí kọ̀. Ìyá rẹ̀ ń pariwo pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́dún tó kọjá, pé ìkejì rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ní nǹkan kan. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Ó wá yé Kíá-kíá. Ìbejì! "Ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, mà! Ẹ má fún un o!"

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Tún ti ọmọ yẹn nìkan ṣe, kó o panu mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á gbà ọ́ síṣẹ́."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì tó kù ńkọ́? Ó dìde, ó lọ kanlẹ̀kùn ìpàdé.

"Mà, mi ò fojú wò ó. Mo ti sọ àwọn ìbejì di ẹnì kan."

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìyá Fáìlì bi í: "Ẹ̀dà àárọ̀ dà?"

"Ó wà, mà."

"Ó yá, dá a padà. Ibí ni orúkọ rẹ ti wúlò."

Àkọsílẹ̀ bọ̀ sípò, àmọ́ gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn tẹ̀ wọlé látàárọ̀ ló dàwátì. Kíá-kíá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn káàkiri yàrá aláìsàn láti gba ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì tún un tẹ̀ látòkèdélẹ̀. Láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó fojú yẹ káàdì wò ní méjì-méjì, ó rí ìbejì méjìdínlógójì, ó sì fi ìbéèrè tuntun sínú fọ́ọ̀mù: "Ṣé ìbejì ni?"

Ìyá Fáìlì yẹ orúkọ wọn wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "O rí ìkẹsàn-án yìí? Èmi àti ìkejì mi ni, ilé kan náà là ń gbé. Káàdì tèmi lo pa rẹ́!" Ó na ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ sí i. "Ọwọ́ tó yá dáa, ọmọ mi, àmọ́ ojú ni kó máa ṣáájú ọwọ́. Torí pé o tètè jẹ́wọ́ lo ṣe ń gba ìwé yìí. Tẹ orúkọ ara rẹ sínú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́. Rọra tẹ̀ ẹ́ o."