Ọ̀nà Kànga Lójú Ẹ̀rọ

Èmi kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ohun tí mi ò bá sì rí, mi ò ní sọ pé mo rí i. Èyí ṣojú mi, ó sì ṣojú Theophilus, olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, nílé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́nà Ijagun.

Ní 1988 ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ti fi kọ̀ǹpútà kan ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ṣùgbọ́n ètò tó ń darí rẹ̀ ti gbó. Lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Èmi sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rí bí ìlà gíráàfù ṣe ń tẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Theophilus bá lọ sí Èkó, ó gba ètò tuntun bọ̀ nínú díìsìkì, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní àwòrán yíyà.

Ọ̀sán Sátidé la ṣe é. Ọyẹ́ ti mú. Àwọn ọmọ ti lọ sílé, ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́. A pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà rẹ́, a fi ètò tuntun sí i. Ìyẹn gbà. Ìgbà tó kan irinṣẹ́ àwòrán, díìsìkì rẹ̀ kò ṣeé kà. Ó ń dún bí eku tó ń họ pákó. Theophilus yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Kò gbà.

Mo ti kọ àṣẹ kékeré kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ: kó fa ìlà kan ṣoṣo láti igun dé igun. Mo ní ká kàn dán an wò. Theophilus ní kò sí nǹkan tí ẹ̀rọ máa sọ ju pé òun ò rí irinṣẹ́ tí òun máa fi yà á.

Lóòótọ́ ni ẹ̀rọ sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn.

Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Kò yára. Á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ, bí ọwọ́ ẹni tó ń rántí nǹkan. Ó ń gbọ̀n níbi tó bá ti tẹ̀. Ó ya ògiri ọgbà wa. Ó ya gbọ̀ngàn, ó ya igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn yàrá ìkàwé. Ó wá ya òbìrìkítí kékeré kan sí pápá tí àwọn ọmọ ti ń tò láràárọ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tóóró kan la ògiri kọjá síta, ó sì parí síbi òfìfo.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí, Àǹtí Susannah?" Ohùn Theophilus lọ sílẹ̀.

"Ìlà kan ni mo kọ."

Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Àwòrán yẹn náà ló tún jáde. Ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ ló tún dúró sí. Ó ní òun á lọ wá díìsìkì mìíràn. Mo ní kó ṣe sùúrù ná. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé bí a bá fún un ní irinṣẹ́, kí ni yóò tún yà?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a sọ fún ọ̀gá wa, Ìyáàfin Matilda Adébóyè. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Pápá yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun sí. Ó ní kí àwọn bíríkìlà fi irin gún ilẹ̀ wò níbi tí òbìrìkítí náà wà. Irin náà wọlẹ̀ ṣinrin, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ ká tó gbọ́ ìró rẹ̀. Pákó jíjẹrà ló wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, kànga sì wà lábẹ́ pákó. Mo rántí bí àwọn ọmọ ṣe máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n bá ń kọrin.

Wọ́n dí kànga náà, wọ́n gbé kíláàsì lọ síbòmíràn. Ó wá ku ọ̀nà yẹn. Theophilus lọ pe Alhaja Mùínátù, ìyá àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa. Lẹ́yìn ìrun alásárì ló dé. Ó wo ojú ẹ̀rọ títí.

"Ọ̀nà kànga wa nìyí."

Ó ní ọmọdé lòun nígbà tí bàbá àwọn ta ilẹ̀ náà, kí wọ́n tó mọ ògiri. Gbogbo àwọn tó mọ ọ̀nà náà ti kú tán, ó ku òun nìkan.

"Ta ló sọ fún ẹ̀rọ yìí?"

Theophilus bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ètò tuntun àti irinṣẹ́ tí kò wọlé. Alhaja gbọ́ ọ dópin. Ó wá fi ìka kan gíláàsì, níbi òfìfo yẹn.

"Kò tíì parí. Ilé wa àtijọ́ wà níbí."

Mo wo ọwọ́ Theophilus. Ó ká wọn sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Lábẹ́ ìka ìyá náà, ìlà kan yọ. Ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó yí igun. Ó ya ògiri, ó ya ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ẹnu ọ̀nà náà sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Alhaja kò yọ ìka. Omi kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ ẹni tẹ́rù ń bà. Ó fi ọwọ́ kejì tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó fẹ́ wọlé tọ àgbà lọ.

"Ẹ kúulé o," ó ní, jẹ́jẹ́.

Ó tẹ́tí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síwájú ẹ̀rọ náà, à ń retí ẹni tí yóò dáhùn.