Ojú Òsì Ògiri

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan kọjá létí bàbá Ọmọ Ògiri, ó ba ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì yí padà wá síbi ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ kò gbé ọwọ́. Kò tilẹ̀ mirí.

"Jù ú," ni bàbá náà wí.

Ọmọ Ògiri dúró. "Bàbá, mo ti jù ú."

Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é lẹ́yìnkùlé. Òun a ju bọ́ọ̀lù kéékèèké, bàbá rẹ̀ tó dúró níwájú ilẹ̀kùn a sì hán an. Aṣọ́lé ni bàbá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn. Ògiri ni àwọn èrò pápá ìṣeré ń pè é, nítorí bọ́ọ̀lù kì í kọjá lára rẹ̀. Nílé ìwé, kò sẹ́ni tó ń pe ọmọbìnrin náà lórúkọ mọ́. Ọmọ Ògiri ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan olùkọ́ àgbà.

Ó ju òmíràn sí ọ̀tún. Bàbá rẹ̀ hán an bí ẹni já èso. Ó ju ọ̀kan sí òsì. Ó tún kọjá.

Bàbá rẹ̀ rọra bọ́ ìbọ̀wọ́. "Oòrùn ló ń ta sí mi lójú," ó ní.

Oòrùn kò tíì yọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ bàbá rẹ̀. Ó rí i pé ó ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó rí i pé bí wọ́n bá gbé àwo oúnjẹ sí apá òsì rẹ̀, á ní wọn kò tíì bu tòun. Èjìká òsì rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà. Ní sáà tó kọjá, bàtà ẹnìkan gbá a lójú òsì nídìí òpó. Ojú náà wú, ìwú náà sì wálẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ó ti tán.

"Ẹ̀yin àti férémù ilẹ̀kùn yìí," ni ìyá rẹ̀ wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, "ìjà kí lẹ ń bá ara yín jà?"

"Òun ló ń wá mi níjà," ni bàbá rẹ̀ dáhùn.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ògiri kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ wá sílé. Ó jókòó sáàárín aṣọ tí ìyá Ọmọ Ògiri ti gé sílẹ̀, ó sì gbé fìlà lé orúnkún.

"Ògiri, o ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì," ó ní. "Àwọn ọmọdé tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa kò ní ẹni tí yóò kọ́ wọn. Iṣẹ́ náà wà nílẹ̀. Fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí èrò ṣì ń yìn ẹ́. Àbí ó dìgbà tí wọ́n bá ń hó lé ẹ lórí?"

"Kí n wá máa ṣa bọ́ọ̀lù kiri fún ọmọdé, Kóòṣì?"

"Wo awakọ̀ wa. Kí ló ṣe é?"

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú rí. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá ló fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá káàánú rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi ń sáré tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì ń yá jù mí lọ. Ní báyìí, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń tẹ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó lè lé mi bá nínú yín."

Bàbá Ọmọ Ògiri mi orí. "Sáà kan péré sí i."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá dìde. "Kò burú. Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo yín lẹ máa ṣe àyẹ̀wò, títí kan ti ojú. Ẹni tí kò bá yege kò ní wọ pápá."

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá náà bá Ọmọ Ògiri nílé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá mi," ó ní. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn bó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Ìwọ lo mọ ìwé kọ́ sórí jù nílé yìí. Pátákó lẹ́tà kan wà lára ògiri lọ́dọ̀ dókítà ojú. Lọ bá mi kà á wá."

"Bàbá, ojú yín ń kọ́?"

"Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí tí mo ti ń dúró sáàárín òpó méjì. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, níbo ni kí n dúró sí?"

Ọmọ Ògiri ro ọ̀rọ̀ náà títí. Èrò mìíràn sì wọlé wá: bí kò bá sí Ògiri mọ́, ta ni Ọmọ Ògiri? Èrò yìí ló mú un gbà.

Ó lọ sọ fún dókítà ojú pé òun kì í rí ojú pátákó ní kíláàsì dáadáa, pé ìdánwò àṣekágbá sì ń bọ̀. Dókítà bo ojú rẹ̀ kan, ó ní kó kà. Ó kà á láti òkè dé ìlà tó kéré jù.

"Ojú rẹ mọ́ bíi ti àwòdì," ni dókítà wí. "Kí lo wá ṣe níbí?"

Ó dúpẹ́, ó sì kó gbogbo lẹ́tà pátákó náà sórí lọ sílé.

Ó kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé. Ìlà kìíní, H. Ìlà kejì, K àti S. Ìlà kẹta, D, R, B. Bàbá rẹ̀ ń kà á ní balùwẹ̀, ó ń kà á nídìí oúnjẹ, ó ń mi ètè bí ẹni ń gbàdúrà.

"Irú orin wo nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ bi wọ́n.

"Orin ilé ìwé ni," ni Ọmọ Ògiri dáhùn. Irọ́ náà yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó bá bàbá rẹ̀ lọ, ó sì dúró sí kọ̀rọ̀. Dókítà bo ojú ọ̀tún bàbá náà. Kó tó na igi sí ìlà kẹta, bàbá rẹ̀ ti ní, "D, R, B."

Dókítà dúró. "O kà á bí ẹni tó kọ ọ́."

Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó wò ó, ó di ojú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan tó ti gbàgbé. Nọ́ọ̀sì kan kanlẹ̀kùn, ó ní èrò ti pọ̀ níta. Dókítà mí kanlẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Níta, bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ láti fi pa á lórí. Apá òsì rẹ̀ ni ọmọ náà dúró sí. Afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ náà kọ́kọ́ bà, kó tó rí orí ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn apá òsì nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Kékeré. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó máa ń wá sílé wọn lẹ́yìn ìgbáradì, á bá ìyá Ọmọ Ògiri fa òwú yọ lára aṣọ, á sì máa dá gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje kìíní, ó fìdí lé àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, lọ́la o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pariwo dáadáa. Ẹ mọ̀ pé etí yín lèmi fi ń gbọ́."

"Ìgbà wo ni n kì í pariwo?" ni Ògiri dáhùn.

Àdéhùn wọn kò le. Bí aṣọ́lé bá ń jáde sí bọ́ọ̀lù, á pariwo pé, "Tèmi." Bí ẹni ẹ̀yìn bá gbọ́ ọ, á yà kúrò lọ́nà. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, òun ni yóò gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Òfin tó ń dáàbò bo ẹsẹ̀ àti orí nìyẹn.

"Àbúrò," ni Kékeré wí fún Ọmọ Ògiri, "ìwọ náà bá mi kìlọ̀ fún un. Àgbà ti dé, ohùn lè ti lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wá sí Ọmọ Ògiri lẹ́nu. Bí yóò bá sọ ọ́, àkókò rẹ̀ nìyẹn. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ṣú, kò rọ̀. Ọmọ Ògiri jókòó lẹ́yìn àwọ̀n, níbi tó máa ń jókòó sí. Èrò pọ̀. Ìpín kìíní kọjá láìsí nǹkan. Ní ìpín kejì, wọ́n ta bọ́ọ̀lù gíga kan wá láti apá òsì. Bàbá rẹ̀ wá a lójú ọ̀run, ó pẹ́ kó tó rí i, lẹ́yìn náà ló já jáde. Kékeré ti ń sáré padà bọ̀ láti apá òsì náà. Ọmọ Ògiri rí i. Bàbá rẹ̀ kò rí i. Kékeré kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì gbé ẹsẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Gbogbo ara Ògiri já lu orúnkún Kékeré.

Ìró náà dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ.

"Mo pariwo," ni Ògiri ń sọ fún gbogbo ẹni tó sáré wá. "Mo ní, 'Tèmi.' Kò gbọ́ ni."

Ọmọ Ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò jìnnà sí i. Kò gbọ́ igbe kankan. Bàbá rẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni tí yóò pariwo sí.

Kó tó di ọ̀la, gbogbo ìlú ti gbà pé Kékeré ló jẹ̀bi. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé: "Ẹ bá mi fọ etí, kí n má baà dà bíi Kékeré."

Ìyá Ọmọ Ògiri rán ṣòkòtò kan fún Kékeré, ó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní gbòòrò kó lè gba báńdéèjì ńlá tó wà ní orúnkún rẹ̀. Ọmọ Ògiri ni ó ní kó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bàbá rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ohun tó wà láàárín èmi àtìẹ," ó ní, "kó dúró níbẹ̀."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó nídìí fèrèsé nínú yàrá náà. Kékeré dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó gba ṣòkòtò, ó dúpẹ́, ó sì di ọwọ́ Ọmọ Ògiri mú.

"Àbúrò, ìwọ lo wà lẹ́yìn àwọ̀n. Ṣé ẹ̀gbọ́n pariwo?"

Ọmọ Ògiri wo akọ́nimọ̀ọ́gbá.

"Mo ti ń dán etí mi wò láti àárọ̀. Mo ní kí nọ́ọ̀sì máa pè mí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Mò ń gbọ́ ọ. Mo wá ń rò ó pé kí ló dé tí mi ò gbọ́ ẹ̀gbọ́n. Dókítà ní orúnkún yìí kò ní sáré mọ́. Kí n ṣáà mọ̀ bóyá ẹ̀bi mi ni."

"Kò pariwo," ni Ọmọ Ògiri wí. "Kò rí yín ni. Ojú òsì rẹ̀ kò ríran. Èmi ni mo kọ́ ọ ní lẹ́tà tó kà fún dókítà."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò jágbe. Ó dìde, ó ti fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀, ó kẹ́yìn sí wọn.

Kékeré tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọjú sí ara ògiri.

"Ó dáa," ó ní. "Etí mi ò ṣe nǹkan kan."

Nígbà tí Ọmọ Ògiri délé, ó dúró sáàárín yàrá. "Mo ti sọ ọ́," ó ní.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "O sọ kí ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìyá rẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Mo bi yín nípa férémù ilẹ̀kùn," ó ní. "Ẹ fi mí ṣẹ̀rín."

Bàbá rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lára ìṣó, ó jáde lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bó ṣe ń kọjá, èjìká rẹ̀ gbá férémù.

Bí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Kò sí ìdíje ìdágbére, kò sí èrò tó dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà ojú tan iná sí i lójú, lọ́tẹ̀ yìí kò lo pátákó. "Ọjọ́ tí o kà á fún mi," ó ní, "ojú yìí ṣì ní ìwòsàn." Nílé ìwé, wọ́n kò pe ọmọbìnrin náà ní Ọmọ Ògiri mọ́. Ọmọ Afọ́jú ni àwọn kan ń pè é. Kò bá wọn jà.

Kékeré ni wọ́n fún ní iṣẹ́ tí Ògiri kọ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn yípo pápá kékeré, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ògiri wá dúró sẹ́yìn wáyà, kò wọlé. Kékeré rí i. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí àwọ̀n.

"Bọ́ọ̀lù pọ̀ lẹ́yìn àwọ̀n," ó ní. Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n. "Ẹ bá wa ṣà á."

Ògiri wọlé. Láti ìgbà náà, ó ń wá nírọ̀lẹ́, ó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún ọmọdé. Ọmọbìnrin rẹ̀ a jókòó lẹ́yìn àwọ̀n bíi tẹ́lẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láti òsì, òun ló máa ń kígbe: "Bàbá, òsì yín." Bàbá rẹ̀ á yà.

Ẹni tó bá kọ̀ láti kúrò nígbà tí àkókò rẹ̀ tó, ẹlòmíràn lè kúrò dípò rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí ewu lára ẹni tó fẹ́ràn, tó dákẹ́, kò ṣe é lóore. Igbe tí ọmọ náà ń ké nísinsìnyí, ìgbà tí wọ́n wà lẹ́yìnkùlé ló yẹ kó ti ké e.