Ìlérí Tí Nurat Pa Mọ́ Pẹ́ Jù

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà kóòtù Ìfọ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń tiro, síbẹ̀ ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí ọ̀gágun ń wò. Nurat, télọ̀ láti Àgbàdo tó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò mọ ìgbà tó dìde. Fìlà ọkùnrin náà já bọ́. Nurat mú un, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó sì fi dé e lórí.

"Ó wọ́," ni ọkùnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fara dà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ò kúkú dilẹ̀."

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Nurat bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ lọ kí i ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mùsáfírù ni orúkọ rẹ̀. Ó bá àwọn ọmọ onílẹ̀ jà lórí ilẹ̀ tó rà ní Ibafo, ọ̀kan nínú wọn fara pa, wọ́n ní òun ló ṣe é. Ọdún kejì rèé tó ti ń retí ìdájọ́. Ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ò yọjú, kò sì ní agbẹjọ́rò. Nígbà tí Nurat bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ọta ìbọn ló bà á ní ojú ogun ní Òkè Ọya, pé sójà tó ti fẹ̀yìn tì lòun.

"Sójà! Àwọn lọ́yà kan wà ní Mowe tó ń dúró fún àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn."

"Rárá, Nurat mi. Bíríkìlà ni mo pe ara mi fún wọn níbí. Kí wọ́n máa sọ pé sójà ń ṣẹ̀wọ̀n? Mi ò ní ta ẹrẹ̀ sí yúnífọ́ọ̀mù yẹn. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní sọ."

Ó ṣèlérí, nítorí ó rò pé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ènìyàn nìyẹn. Mùsáfírù tún bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún ìyá òun ní Ìfọ̀ pé àwọn ológun ti pe òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ ìyẹn náà.

Sùwéébátù, ìyá Mùsáfírù, yọ̀, ó ń ròyìn ọmọ rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n àsìkò àyẹ̀wò dé, nígbà tí gbogbo sójà tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ fojú ara wọn hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Ẹni tí ò bá yọjú, òkú ni wọ́n ń kà á sí. Bí owó ìfẹ̀yìntì Mùsáfírù tí ìyá fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn.

"Ọmọ mi," ni ìyá bi Nurat, "bí ìjọba bá pè é padà, kí ló dé tówó ò wọlé mọ́?"

Nurat kúnlẹ̀. "Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, mà."

Ó fi owó aṣọ tó ń rán ra oògùn, kò tó. Kí ọdún tó yí, ìyá kú, ó ṣì ń sọ pé ọmọ òun ń bẹ lójú ogun.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Nurat tó lọ bá àwọn lọ́yà ní Mowe. Lọ́yà Ikram gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "Kí ló dé tẹ́ ò tètè wá, àǹtí?" Ó bá Mùsáfírù dúró ní kóòtù. Kò pẹ́, kò jìnnà, adájọ́ tú ẹjọ́ náà ká, wọ́n sì tú Mùsáfírù sílẹ̀.

Ibojì ìyá ni Mùsáfírù kọ́kọ́ gbà lọ. Nurat kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́, mo sì dákẹ́."

"Èmi ni mo dí ọ lẹ́nu." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Aṣọ ni mo ń ṣọ́, mo wá pàdánù ìyá."

Fún ìgbà pípẹ́ ni ojú ara wọn ń tì wọ́n. Síbẹ̀ Nurat ò yé gbé oúnjẹ wá, Mùsáfírù náà ò yé sìn ín dé ibùdó ọkọ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò mìíràn kàn, ó ní kí Nurat bá òun lọ.

"Ẹ káàbọ̀ láti ọ̀run," ni ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò fi dá a lára yá. "Sùwéébátù, ìyá yín, lẹ fi sílẹ̀ bí ẹbí tó sún mọ́ yín jù. Ṣé wọ́n wà?"

Mùsáfírù mi orí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ni ká kọ dípò wọn?"

"Nurat. Ìyàwó mi."

"Ìgbà wo lẹ bi mí?" ni Nurat sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ lánàá, wọ́n ní ó dọwọ́ rẹ. Mo ń bi ọ́ báyìí. Àmọ́ má tún bá mi pa àṣírí kankan mọ́ láé."

Nurat na ọwọ́, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó yíjú sí ọ̀gá náà. "Ẹ kọ ọ́, sà."

Ọ̀gá náà fa ìlà la orúkọ Sùwéébátù kọjá, ó kọ Nurat sábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ìlà náà, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì ń sunkún.