Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Oòrùn

Ẹ̀yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè kan ní 1987 ni Bíyìí kọ́kọ́ bá Olúwabùnmi sọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà ní Cypress, nítòsí Houston. Ọmọge náà bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"Mo ń ṣọ́ oòrùn ni."

"Oòrùn Houston tó ń jó wa lórí yìí? Ta ló fẹ́ jí i gbé?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kí ọdún tó yí po, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Iṣẹ́ Bíyìí kì í ṣe àwàdà o. Oòrùn máa ń bínú. Bó bá sì bínú, rédíò lè dákẹ́, sátẹ́láìtì lè ṣìnà, iná mànàmáná lè lọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó gbà á síṣẹ́ ló ń sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òkun àti àwọn tó ń wa epo rọ̀bì bí oòrùn ọ̀la yóò ti rí. Àwọn tó ń béèrè ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo oòrùn kò pọ̀ sí i. Ibi tí irinṣẹ́ kò bá dé, Bíyìí á fi ọgbọ́n orí dí i. Ohun tó bá sọ sì máa ń rí bẹ́ẹ̀, títí ó fi gbójú lé ara rẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ní oṣù Mááṣì 1989, bí wọ́n ti ń múra ìgbéyàwó, àìsàn dá bàbá Bùnmi dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn míṣọ́nnárì kan ní ìgbèríko Ọ̀yọ́. Tẹlifóònù kò dé ibẹ̀, àfi rédíò. Adéolú, ẹ̀gbọ́n Bùnmi, dókítà ní Sugar Land, là á mọ́lẹ̀ fún wọn.

"Bí Bàbá ò bá fi ẹnu ara wọn súre fún yín, kò sí wedding."

Ní Sátidé, wọ́n pé sí gáráàjì Bàbá Cornelius, alàgbà ìjọ tó ní ẹ̀rọ rédíò tó ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀. Ohùn bàbá wọlé, ṣùgbọ́n ariwo bò ó bí ìgbà tí àkàrà ń hó nínú epo.

"Bíyìí, kí wọn," Bùnmi bẹ̀ ẹ́. "Pariwo, wọ́n á gbọ́."

Bíyìí kò sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ta ní í lọgun mọ́ bàbá ìyàwó? Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kó kí wọn ní ohùn tó já gaara, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹ́ ọmọ wọn.

"Olólùfẹ́ mi, fara balẹ̀. Jẹ́ kó di Mọ́ńdè. Á mọ́ kedere. Iṣẹ́ mi nìyí."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Bàbá Cornelius bá ilé ìwòsàn ṣe àdéhùn Mọ́ńdè, ó sì pa ẹ̀rọ náà.

Ní Mọ́ńdè, ìbínú oòrùn bo ayé. Ní Kánádà, iná kú mọ́ àìmọye ènìyàn lọ́wọ́. Nínú gáráàjì, Bíyìí dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tòun ti agbádá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó di Tọ́sìdeè kí rédíò tó fọhùn. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún wọn pé bàbá ti kú láàárọ̀ àná.

"Wọ́n wọ aṣọ funfun wọn ní Mọ́ńdè," nọ́ọ̀sì náà ní. "Wọ́n jókòó ti rédíò fún wákàtí méjì. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé, 'Ṣé ọmọ náà ò fẹ́ kí mi ni?'"

Bíyìí sunkún bí ọmọdé. Adéolú kò bú u. Ó kàn ní, "Ẹnu Bàbá la ń dúró dè. Ẹnu yẹn ti pa dé." Ohun kan náà ni àwọn ẹbí nílé wí.

Bíyìí ló fi ọkọ̀ gbé Bùnmi lọ sí airport lọ́jọ́ tó ń lọ sin bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé Bùnmi kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

"Ṣé o ṣì fẹ́ràn mi?" Bíyìí bi í.

"Mo fẹ́ràn ẹ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù."

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀, Bùnmi."

"Mo mọ̀. Ọ̀la ń kọ́? Báwo loòrùn ṣe máa rí?"

Bíyìí wolẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"Ohun tó yẹ kó o sọ ní Sátidé ọjọ́ yẹn nìyẹn," Bùnmi wí, ó gba àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ Bíyìí, ó wọlé.